Owó Ìrànwọ́ tí ń Yan Ogún Ọmọ tí ń Fi Ẹgbẹ̀rin Sílẹ̀

Àwa kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi bú olóore. Ẹni tí ó bá fún ọmọ wa ní ìwé kan ṣoṣo láti kà ti ṣe wá lóore, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò pa á láṣẹ pé kí a di ẹnu wa nígbà tí a bá rí i pé oore náà ń fo ẹni tí ebi ẹ̀kọ́ ń pa jùlọ kọjá. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, àwọn àjọ tí ń fi owó ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ti pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá, àwọn kan jẹ́ ti olówó kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì ti òkè òkun wá. Wọ́n ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, títí dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń mú ẹ̀kọ́ àfikún wá, èyí ni àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ju ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò lọ: yàrá ìkàwé, kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a ń fi ọwọ́ ṣe, orin, àwòrán yíyà, àríyànjiyàn, àti iṣẹ́ ọgbà. Kò sí àjọ kan tí a dojú ọ̀rọ̀ wa kọ ní pàtó. Ọ̀nà tí a gbà ń pín oore yìí ni a bá jà, àti ọ̀nà tí àwa fúnra wa gbà ń tẹ́wọ́ gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ má sì ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò kan òun. Ọ̀pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé ìjọ ni ó bí wọn kí ìjọba tó gbà wọ́n tọ́; orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ṣì wà lára ògiri wọn. Ní ọdún 2001 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá díẹ̀ padà fún àwọn tí ó ni wọ́n, èyí tí ó pọ̀ jù sì wà lọ́wọ́ ìjọba síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń jókòó sínú wọn ni àwọn ọmọ tí ń bá àwọn ọmọ wa ṣeré ní ọjà àti ní etí ọ̀sà. Ọmọ tí a kò kọ́ níbẹ̀, àwa náà ni yóò bá gbé ìlú.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ bí ó ti máa ń rí. Lẹ́tà kan yóò dé láti ọ́fíìsì pé àjọ báyìí-báyìí ń bọ̀ ní ọjọ́ báyìí. A ó gbá ọgbà, a ó fi ẹfun kun àwọn òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, a ó ṣa àwọn ọmọ tí aṣọ wọn kò ya jọ, a ó sì kọ́ wọn ní orin ìkíni. Àwọn àlejò yóò dé pẹ̀lú aṣọ gbọọrọ tí a kọ orúkọ àjọ náà sí lára. Wọn yóò sọ̀rọ̀, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sì bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó fún àwọn ní ogún ọmọ tí ó mọ̀wé jùlọ, nítorí pé ogún ni owó àwọn ká. Láti ọjọ́ náà lọ, ogún ọmọ yìí yóò máa dìde kúrò ní kíláàsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, wọn yóò lọ sí yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà, níbi tí fáànù wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí àjọ náà gbà síṣẹ́ yóò máa kọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá bá pé, ìdíje yóò wà, ẹ̀bùn yóò wà, fọ́tò yóò sì tún wà. Nígbà tí sáà tuntun bá dé, àjọ náà ti lọ sí ibòmíràn, tàbí owó rẹ̀ ti tán, tàbí ọ̀gá tuntun ti dé ibẹ̀ tí ohun mìíràn wù ú. A ó wá kọ́kọ́rọ́ yàrá náà títí, a ó sì gbọ́ pé ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí a ti gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ní ẹgbẹ̀rin ọmọ, kí ni a ṣe fún àwọn yòókù? A jẹ́ kí wọ́n rí i. Ohun tí a ṣe fún wọn kò ju èyí lọ. A fi hàn wọ́n láti ojú fèrèsé pé ohun kan wà nínú ayé tí ó dára, tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹni tí àwọn ogún náà jẹ́. Ọmọ tí ó mọ̀wé jùlọ ní kíláàsì, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ni ọmọ tí ìwé wà ní ilé bàbá rẹ̀, tí ẹnì kan ń bi í léèrè ní alẹ́ ohun tí a kọ́ ọ ní òwúrọ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá wádìí rẹ̀ dáadáa, lè jẹ́ èyí tí ó ti bá ìyá rẹ̀ to ẹja sórí àgbá kí ilẹ̀ tó mọ́, tí èéfín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí a bá ń pe orúkọ. Tàbí èyí tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti abúlé òdìkejì, tí ó sì pẹ́ dé nítorí pé ìjì jà. Ọmọ àkọ́kọ́ yóò kàwé bí àjọ kan kò tilẹ̀ wá rárá. Èkejì ni ẹ̀kọ́ àfikún lè sọ di ẹlòmíràn, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, tàbí etí, tàbí ohùn, tí ìwé ìdánwò kò sì lè rí i níbẹ̀. Ìdánwò ìwé ni a fi ń yan ẹni tí yóò kọ́ ohun tí kì í ṣe ìwé! A kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ro irú èrò yìí, ṣùgbọ́n ó ti tàn ká dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fi bèèrè ìdí rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò dáhùn pé owó kò tó gbogbo ọmọ, àti pé kí a kọ́ ogún sàn ju kí a má kọ́ ẹnì kan lọ. Èsì wa ni pé bí owó kò bá tó gbogbo ọmọ fún ohun kan, kí a wá ohun mìíràn tí yóò tó wọn. Àpótí ìwé kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, tí olùkọ́ kíláàsì náà ń ṣí ní ojoojúmọ́, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú ìwé kan lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì tí ó sì ń dá a padà ní ọjọ́ Ajé, yóò ṣe púpọ̀ ju yàrá kan tí a tì pa lọ. Kò ní í dára nínú fọ́tò. A mọ̀ pé ìyẹn ni ìṣòro rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1877 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìjọ C.M.S., ìjọ Wesley àti ìjọ Àgùdà ní £200 lọ́dọọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òfin ẹ̀kọ́ dé, ti ọdún 1882 àti ti ọdún 1887, tí ó so owó ìrànwọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Aláyẹ̀wò yóò dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, yóò bi àwọn ọmọ léèrè, iye tí ó bá sì yege ni a ó fi ṣírò owó. Àwọn àgbà olùkọ́ mọ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń bí. A ń fi agbára kọ́ ọmọ tí yóò mú owó wọlé, a sì ń jẹ́ kí èyí tí kò ní í mú un wọlé jókòó sẹ́yìn. A ń kọ́ wọn ní ìdáhùn láìkọ́ wọn ní ìtumọ̀. Ó di ọdún 1916, ní àkókò Lugard, kí a tó yí òfin náà padà. Nínú ètò tuntun, ìdá 30 nínú 100 owó náà wà fún ìwà, ìgbọ́ràn àti ètò ilé-ẹ̀kọ́, ìdá 20 wà fún pé olùkọ́ tó kí wọ́n sì mọṣẹ́, ìdá 40 fún ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ, ìdá 10 sì fún ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. A kì í ṣe olùfẹ́ Lugard, ṣùgbọ́n ètò yìí mọ̀ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe ìwọ̀nba ọmọ tí ó mọ ìdáhùn lórí. Ó yẹ kí ó ti àwọn olóore ayé òde òní lójú pé ìjọba amúnisìn ti mọ ohun tí àwọn kò tíì mọ̀.

Ẹ̀pẹ́ pàápàá ní ìtàn kan tí ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òbí Mùsùlùmí kò fẹ́ rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, nítorí ẹ̀rù pé a ó sọ wọ́n di onígbàgbọ́. Ẹ̀rù náà kò sì ṣàìní ìdí, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Ilé kéwú ni wọ́n ń rán wọn lọ. Ìjọba Èkó bá àwọn àgbà Mùsùlùmí jókòó, àwọn bíi Edward Blyden àti Henry Carr sì ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, títí a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀: ti Èkó ní 1896, ti Ẹ̀pẹ́ ní 1898, ti Àgbádárìgì ní 1899. Ìjọba gbé ìnáwó ẹ̀kọ́ ìwé, kò sì fi ọwọ́ kan kéwú. Bí a bá fẹ́ fi èdè òde òní pè é, ẹ̀kọ́ àfikún ni ìjọba mú wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Ẹ kíyèsí i pé ìjíròrò ni ó ṣáájú owó. A bi àwọn olórí ìlú léèrè ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù àti ohun tí wọ́n ń fẹ́, a kò sì fi lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì sọ fún wọn pé àlejò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Bí a bá wo òkè òkun, a ó rí àpẹẹrẹ méjì láàrin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí gbogbo àjọ olóore kọ́. Ní ọdún 1907, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Philadelphia, Anna T. Jeanes, fi mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké ti àwọn ènìyàn dúdú ní ìgbèríko. Ní ọdún 1908, ẹni àkọ́kọ́ tí a fi owó náà gbà síṣẹ́ ni Virginia Randolph, obìnrin dúdú kan tí ó ti ń kọ́ni ní Henrico County ní ìpínlẹ̀ Virginia. A kò kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Olùkọ́ àdúgbò náà ni, iṣẹ́ tí a sì gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó máa yí ká ilé-ẹ̀kọ́ 23, kí ó máa ran àwọn olùkọ́ tí ó bá níbẹ̀ lọ́wọ́, kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́, ọgbà àti ìmọ́tótó kún ohun tí wọ́n ń kọ́ tẹ́lẹ̀. Kò yan ogún ọmọ. Olùkọ́ ni ó gbé ga, olùkọ́ sì gbé gbogbo kíláàsì rẹ̀ ga. Ọ̀nà yìí wọ ilẹ̀ Áfíríkà náà: ní 1925 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Jeanes sílẹ̀ ní Kabete ní ilẹ̀ Kenya.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Julius Rosenwald, oníṣòwò kan ní Chicago. Booker T. Washington, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee, ni ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ní Alabama ní ọdún 1912. Títí di ọdún 1932, ilé-ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nípasẹ̀ owó yìí jẹ́ 4,977. Ṣùgbọ́n Rosenwald kì í dá kọ́lé. Ó ní kí àwọn ará àdúgbò mú tiwọn wá, ìbáà ṣe owó, ilẹ̀, igi tàbí agbára. Ó ní kí ìjọba ibẹ̀ náà mú tirẹ̀ wá, kí ilé náà sì di ti gbogbo ènìyàn lábẹ́ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́. Gbogbo owó tí a ná lé ní mílíọ̀nù 28 dọ́là. Nínú rẹ̀, owó Rosenwald jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin lé díẹ̀. Ti àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn, àwọn tí ń ro oko òwú fún olóko, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7, ó ju ti ọlọ́rọ̀ náà lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù, ó lé ní mílíọ̀nù 18, ti inú owó orí ìlú wá. A kò sọ pé òdodo ni ó bo gbogbo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀: àwọn tálákà yìí ti san owó orí tẹ́lẹ̀, a sì tún mú kí wọ́n san lẹ́ẹ̀kejì kí ọmọ wọn tó rí ilé kàwé. Síbẹ̀, ilé tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ kọ́, kò sí ẹni tí yóò ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa mọ́ ọmọ rẹ̀. Rosenwald tún pa á láṣẹ pé kí a ná gbogbo owó àjọ òun tán láàrin ọdún 25 lẹ́yìn ikú òun. Ó kú ní 1932. Àjọ náà parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1948. Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí orúkọ òun pẹ́ ju iṣẹ́ lọ.

Nílé níhìn-ín, èyí tí ó súnmọ́ ọ̀nà títọ́ jùlọ ni ètò tí a pè ní Lagos Eko. Ní ọdún 2009, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 95 dọ́là fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó láti mú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba sàn sí i. Àbùdá rẹ̀ tí ó wù wá ni pé apá kan nínú owó náà lọ sí ọwọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fúnra wọn, ní gbogbo agbègbè ẹ̀kọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan agbègbè kejì tí Ìkòròdú wà nínú rẹ̀ àti agbègbè kẹta tí Ẹ̀pẹ́ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi ra ohun tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ṣe aláìní. Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ di ẹni tí ń pinnu, ó sinmi lára ẹni tí ń dúró de ìpinnu. Ṣùgbọ́n ètò náà ti parí, gbèsè sì ni owó rẹ̀, àwa àti ọmọ wa ni yóò san án. Ó yà wá lẹ́nu pé Báńkì tí ń yáni lówó fọkàn tán ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tọrẹ kò lè fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà sí i lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí ni ó dùn wá jù. Àwọn baba wa sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, lójú olórí gan-an ni a ti ń fá a, a sì ní kí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Olùkọ́ tí ó ti lo ogún ọdún ní kíláàsì, tí ó mọ ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa àti èyí tí kò jẹun wá, ni a ní kí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì ń fi ẹ̀kọ́ àfikún hàn. A kò kẹ́gàn àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Ìtara wọn dára, púpọ̀ nínú wọn sì ń jìyà ọ̀nà jíjìn láti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ, ohun tí wọ́n mọ̀ bá wọn lọ. Ì bá ṣe pé olùkọ́ ni a kọ́, tí a san owó ọkọ̀ rẹ̀, tí a fún un ní ohun èlò, tí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ náà, ẹ̀kọ́ náà ì bá wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì. Ibi tí a ti lè ṣe é kò sì jìnnà. Ní Nọ́fọ́ríjà, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ni a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a fi orúkọ Michael Otedola pè sílẹ̀ ní ọdún 1994. Láti 2022 ni ó ti di apá kan Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó. Àjọ wo nínú àwọn tí ń wọ Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ya ibẹ̀ kí ó tó ya ilé-ẹ̀kọ́?

Ohun tí a ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ àfikún náà tún wà tí ó yẹ kí a sọ. Ọmọ Ìkòròdú yóò kọ́ bí a ti ń to ẹ̀rọ kékeré kan tí a kó wá nínú páálí, àwọn ìlànà rẹ̀ sì dá lórí ìlú tí yìnyín ń bọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tí a ṣí ní Ìmọ́tà ní oṣù Kínní ọdún 2023, tí agbára rẹ̀ tó láti lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, wà ní ìtòsí rẹ̀. Bóyá ni ẹnikẹ́ni mú un lọ síbẹ̀ láti ṣírò iye pákó ìrẹsì tí oko kan gbọ́dọ̀ mú wá kí ẹ̀rọ náà má bàa dúró. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń gbé nítòsí Erédò Sùngbọ́, odi àti yàrà tí àwọn àgbà ìjímìjí gbẹ́, tí gígùn rẹ̀ ju ọgọ́jọ kìlómítà lọ bí ó ti yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti ọ̀nà jíjìn wá láti wò. Ìṣirò wà nínú rẹ̀, ìtàn wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan ni yóò ná wa. Àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi mọ bí igi ti ń léfòó, àwọn obìnrin ọjà ẹja Olúwo mọ bí a ti ń pa ẹja mọ́ kí ó má bàjẹ́. Kí a pe irú wọn wá sí kíláàsì, kí a fún wọn ní owó àsìkò wọn bí a ti ń fún onímọ̀ àlejò, kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì sì dúró ti wọn láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ. A kò sọ pé kí a lé kọ̀ǹpútà jáde. Ọmọ wa nílò rẹ̀, yóò sì jìyà bí kò bá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó bá fi yé ọmọ pé kò sí ohun kan ní ìlú rẹ̀ tí ó yẹ ní kíkọ́ ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí ó fún un lọ.

A ó wá kọjú sí ara wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, nígbà tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà, tí kò tó 500,000 ní ọdún tí ó ṣáájú, lé ní 800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Láàrin 1979 àti 1983, Jákàńdè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì fi òpin sí àṣà kí àwọn ọmọ kan wá ní àárọ̀ kí àwọn mìíràn wá ní ọ̀sán. Òfin ọdún 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan jákèjádò Nàìjíríà, ó sì ya ìdá méjì nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún un. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà tí wọ́n jẹ́ kí ìpín tiwọn jókòó síbẹ̀, nítorí pé wọn kò mú ìdajì tí ó yẹ kí wọ́n mú wá. Ohun rere ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀fẹ́ ni àwa ará ìlú ti kọ́ láti ká ọwọ́ lẹ́rán. Àwọn baba wa tí kò kàwé fi amọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń gbé iṣu lọ fún tíṣà. Àwa tí a kàwé nínú rẹ̀ ń dúró de àjọ.

A kò bá Kayokayo àwọn ará Ẹ̀pẹ́ jà, a kò sì bá ọjọ́ Ìkòròdú Ògá jà. Ìlú tí kò ní àjọ̀dún tirẹ̀ ti gbàgbé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń rí aṣọ tí a ń rà ní ọjọ́ náà, a sì ń rí owó tí a ń ná fún olórin. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá yọ owó aṣọ ẹnì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ lọ́dún yóò kún àpótí ìwé kíláàsì kan. Ìgbà náà ni ìlú yóò lè wí fún àjọ olóore pé, tiwa nìyí, ẹ mú tiyín wá. Ẹni tí ó bá sì mú tirẹ̀ wá ní ẹnu láti sọ bí a ó ti pín in. Kí ìjọba náà má sì ṣe fi ẹ̀yìn àwọn àjọ pamọ́. Bí olùkọ́ ìṣirò kò bá sí ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ẹgbẹ́ ìṣirò tí yóò dípò rẹ̀, ìjọba ni ó sì yẹ kí ó rán an wá.

Ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti olùkọ́ wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìgbìmọ̀ alákòóso tí a ń pè ní SBMC náà sì wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kì í pàdé àyàfi nígbà tí àlejò bá ń bọ̀. Kí wọ́n pàdé ní sáà yìí, kí wọ́n kọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń fẹ́ sínú ìwé kan, kí gbogbo olùkọ́ fọwọ́ sí i, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kí àjọ kankan tó dé. Nígbà tí àwọn àlejò bá wá dé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ogún ọmọ tí ó mọ̀wé jùlọ, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ní àga, kí ó bu omi fún wọn mu, kí ó sì mú ìwé ìpe-orúkọ kíláàsì kan wá, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn láti orí orúkọ àkọ́kọ́.